Olóyè S. L. Akíntọ́lá: Láti Ìdí Ìwé Ìròyìn dé Ipò Pírẹ́míà

 

Ìgbìmọ̀ ní kí n kọ ìtàn ẹni ńlá kan tó ti kú tipẹ́, èyí tí àwọn ọmọ wa lè rí kọ́gbọ́n. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ni ọkàn mi bà lé. Mo mọ̀ pé bí àwọn kan bá rí orúkọ yìí, wọ́n á gbé ojú sókè. Ilé wà nílẹ̀ Yorùbá tí wọ́n ṣì ń fi orúkọ náà yangàn, ilé sì wà tí wọn ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí rárá. Èmi ò kọ èyí láti yìn ín, n ò sì kọ ọ́ láti bú u. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ayé ọkùnrin yìí tó kan gbogbo ẹgbẹ́ tó bá ní alága, tó ní igbákejì, tó sì ní ìwé òfin. Ọ̀rọ̀ náà ni pé, bí a bá fẹ́ yọ olórí, báwo la ṣe ń yọ ọ́? Ṣé ìwé tó ń ti ìsọ̀ dé ìsọ̀ tí wọ́n ní ká fọwọ́ sí ni, àbí ọwọ́ tí gbogbo wa nà sókè lójú ìpàdé? Ọ̀rọ̀ yìí ló dá odindi Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà rú ní 1962. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀.

ỌMỌ ONÍṢÒWÒ

Ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí Ládòkè sí ní ọdún 1910. Oníṣòwò ni bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ kì í fi ọ̀rọ̀ òwò ṣeré; ọ̀nà jíjìn kì í bà wọ́n lẹ́rù. Mínà lókè Ọya ni bàbá yìí lọ tajà, ó sì kó ìdílé rẹ̀ dání. Ọmọ kékeré ni Ládòkè nígbà tí wọ́n gbé e débẹ̀. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, ibẹ̀ náà ló ti gbọ́ èdè Haúsá àti Núpé tó fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Ẹni tó bá dàgbà sí ìdí òwò ní ìlú onílùú, ó ní ohun tó máa ń kọ́. Ó máa ń mọ bí èèyàn ṣe ń wo ojú oníbàárà kó tó la ẹnu. Ó máa ń mọ ìgbà tó yẹ kó dá àpárá àti ìgbà tó yẹ kó pa òwe. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá nígbà tó di ńlá ló jẹ́rìí pé ẹnu rẹ̀ dùn ju oyin lọ, yálà ní Yorùbá ni o, ní Haúsá ni o, tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì. Èmi gbà pé Mínà ló ti kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítòsí ọjà tí bàbá rẹ̀ ń tà.

Nígbà tó padà sílé, ọwọ́ àwọn oníjọ Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti kàwé, títí dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ wọn. Ní 1930 ó lọ sí Èkó láti máa ṣe tíṣà ní Baptist Academy. Ó lo bí ọdún méjìlá níbẹ̀. Ó fẹ́ Fádérera, nọ́ọ̀sì ọmọ Ìgbájọ, ìyàwó tó dúró tì í títí dé alẹ́ ọjọ́ tó kú. Lẹ́yìn iṣẹ́ tíṣà, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní ilé iṣẹ́ rélùwéè. Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí ni, bóyá ìba gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ká má tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

ÌDÍ ÌWÉ ÌRÒYÌN

Ọdún 1943 ni ayé rẹ̀ yí padà. Ó di olóòtú ìwé ìròyìn Daily Service ní Èkó, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement. Dókítà Akínọlá Májà wà lára àwọn àgbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé ìròyìn kan ti wà lórí àtẹ ṣáájú, èyí tó ti gba ọjà kan, ìyẹn West African Pilot tí Dókítà Nnamdi Azikiwe dá sílẹ̀ ní 1937. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà mọ bó ṣe máa ń rí tí ìsọ̀ méjì bá kọjú síra wọn, tí ọjà kan náà wà lórí àtẹ méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni Service àti Pilot ṣe rí. Wọ́n jọ ń bá òyìnbó jà pé kó fún wa ní òmìnira, wọ́n sì tún ń bá ara wọn jà. Bí èyí bá sọ ọ̀rọ̀ ní òwúrọ̀, ìyẹn á fèsì ní ọjọ́ kejì.

Iṣẹ́ olóòtú kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Òun ló ń pinnu ọ̀rọ̀ tó máa wà níwájú ìwé àti èyí tó máa wà lẹ́yìn. Òun ló ń kọ èrò ìwé ìròyìn lórí ohun tí ìjọba ṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́, òun ni wọ́n ń wá. Akíntọ́lá mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn wa ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ó tún dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ ní èdè wa, Ìròyìn Yorùbá. Ìyẹn ni pé ó gbé ọ̀rọ̀ ìjọba kúrò lọ́wọ́ àwọn akọ̀wé Èkó, ó gbé e wá bá àgbẹ̀ àti ìyá ọjà. Ẹnì kan á máa kà á, ọ̀pọ̀ á máa gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan níbí nítorí ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀. Iṣẹ́ ìròyìn ni ọ̀pọ̀ àwọn tó gba òmìnira fún wa ti wá. Azikiwe ló ni Pilot. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà ti ṣe akọ̀ròyìn rí, òun ló sì dá Nigerian Tribune sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1949. Olóyè Anthony Enahoro ti jẹ́ olóòtú nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lọ. Akíntọ́lá wà ní Service. Gbogbo wọn ló mọ agbára ọ̀rọ̀. Nígbà tí ìjà wá dé láàárín àwọn kan nínú wọn, ohun ìjà tí wọ́n mọ̀ ọ́n lò jù náà ni wọ́n fà yọ.

Ní 1946, Akíntọ́lá rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ gbà, ó lọ sí ìlú òyìnbó. Ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin, ó sì di lọ́yà ní 1950. Nígbà tó padà dé, òun àti Chris Ògúnbánjọ pẹ̀lú Michael Ọdẹ́sànyà jọ ṣí ilé iṣẹ́ lọ́yà, orúkọ àbísọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì fi pè é: Samuel, Chris àti Michael.

Ó WỌ ÌṢÈLÚ

Ní 1951, Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹgbẹ́ Action Group jáde, ẹgbẹ́ tí àwọn èèyàn wa ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ nítorí igi ọ̀pẹ tó jẹ́ àmì rẹ̀. Akíntọ́lá wà nínú rẹ̀. Ó wọlé sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó, ó sì di mínísítà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ọọ̀ni Ifẹ̀, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, náà jẹ́ mínísítà nígbà yẹn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí àwọn méjèèjì ṣì máa pàdé níwájú.

Ní ìparí oṣù Kẹta 1953, Enahoro gbé àbá kalẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ pé kí Nàìjíríà máa ṣàkóso ara rẹ̀ ní 1956. Àwọn ará Àríwá ò gbà. Ọ̀rọ̀ náà le, àwọn mínísítà Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ kọ̀wé fipò sílẹ̀, Akíntọ́lá àti Ọọ̀ni wà lára wọn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, ẹgbẹ́ ní kí Akíntọ́lá ṣáájú àwọn kan lọ sí Kánò láti lọ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ òmìnira. Ìjọba fagi lé ìpàdé náà, ṣùgbọ́n iná ti ràn. Ìjà ṣẹlẹ̀ ní Kánò, èèyàn mẹ́rìndínlógójì (36) ni ìjọba kà mọ́ òkú, àwọn tó fara gbọgbẹ́ lé ní igba (200). Sábọ̀ngàrì tí àwọn ará Gúúsù ń gbé ni ìjà náà ti le jù. Ẹ̀yin náà mọ irú àwọn tó máa ń wà ní sábọ̀ngàrì: oníṣòwò bíi tiwa ni, irú èyí tí bàbá Akíntọ́lá alára ti jẹ́ ní Mínà. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹnu ti fi hàn án pé òun lè di ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀.

Nígbà tí Olóyè Bọ̀dé Thomas kú ní oṣù Kọkànlá 1953, Akíntọ́lá ló di igbákejì olórí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Awólọ́wọ̀ ń ṣe Pírẹ́míà ní Ìbàdàn, Akíntọ́lá ń ṣojú ẹgbẹ́ ní Èkó. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta 1957, òun ló gbé àbá kalẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ pé kí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1959. Lọ́tẹ̀ yìí, ilé gbà á, Àríwá àti Gúúsù jọ fọwọ́ sí i. Ọdún ni wọ́n wá sún díẹ̀, tó fi bọ́ sí 1960. Àwọn ọmọ ilé ìwé wa máa ń rántí Enahoro nìkan, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí wọ́n rántí pé àbá Akíntọ́lá ni ilé gbà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di mínísítà fún ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, lẹ́tà àti ọkọ̀ òfúrufú lábẹ́ Alhaji Abubakar Tafawa Balewa.

Ní oṣù Kejìlá 1959, Awólọ́wọ̀ fi ipò Pírẹ́míà sílẹ̀ kó lè wọ ilé ìgbìmọ̀ àpapọ̀ ní Èkó. Ó rò pé òun á di olórí ìjọba Nàìjíríà, àmọ́ kò bọ́ sí i, ó di olórí alátakò. Akíntọ́lá jókòó sórí àga Pírẹ́míà ní Ìbàdàn. Nígbà rẹ̀, ní 1961, ni òfin tó dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀ jáde.

ÌJÀ OLÓRÍ ÀTI IGBÁKEJÌ

Báyìí ló wá di pé Awólọ́wọ̀ ni olórí ẹgbẹ́, Akíntọ́lá ni igbákejì. Ṣùgbọ́n Akíntọ́lá ló ń ṣe ìjọba, àpò ìjọba wà ní sàkáání rẹ̀. Ta ló yẹ kó máa pàṣẹ fún ta? Ẹni tó bá ti wà nínú ẹgbẹ́ rí mọ̀ pé ibi tí ìjà ti máa ń wá nìyẹn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀nà wọn ò papọ̀ mọ́. Awólọ́wọ̀ fẹ́ kí ẹgbẹ́ dúró bí alátakò, kí wọ́n sì gba ètò ìjọba tó máa pín ọrọ̀ ìlú dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù. Akíntọ́lá ní tiẹ̀ rò pé kí Yorùbá bá àwọn ará Àríwá tó ń ṣe ìjọba rẹ́, kí tiwa náà lè débẹ̀. Ìpàdé ńlá ẹgbẹ́ tó wáyé ní Jọ́ọ̀sì ní oṣù Kejì 1962 ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́. Ìpàdé ò tíì parí tí Akíntọ́lá àti àwọn tirẹ̀ fi kúrò níbẹ̀.

Àwọn àgbà bẹ̀bẹ̀, wọ́n parí ìjà lẹ́ẹ̀kan, kò dúró. Ní oṣù Karùn-ún 1962, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ní kí Akíntọ́lá kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ó ní òun ò ní kọ ọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibi tí mo ń bọ̀ rèé. Àwọn aṣòfin mẹ́rìndínláàádọ́rin (66) fọwọ́ sí ìwé kan pé àwọn ò fẹ́ Akíntọ́lá mọ́. Àwọn mẹ́rìnlélọ́gọ́fà (124) ló wà nílé ìgbìmọ̀ náà. Ìdajì 124 ni 62. Ìyẹn ni pé àwọn tó fọwọ́ sí i fi mẹ́rin ju ìdajì lọ. Wọ́n gbé ìwé náà lọ fún Gómìnà. Ta sì ni Gómìnà? Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí ni, ẹni tí òun àti Akíntọ́lá jọ kọ̀wé fipò mínísítà sílẹ̀ ní 1953. Òfin sọ pé Gómìnà lè yọ Pírẹ́míà bó bá rí i pé ọ̀pọ̀ aṣòfin ò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ọọ̀ni wo ìwé náà, ó ka ọwọ́ tó wà lórí rẹ̀, ó sì yọ Akíntọ́lá ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù náà. Ó fi Alhaji Dáúdà Ṣóróyè Adégbénró sípò.

Akíntọ́lá fárígá. Ó ní ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí níta kì í ṣe ìbò. Ó ní kí wọ́n pe ilé jọ, kí olúkúlùkù dìde lójú gbogbo ayé, kó dìbò; bí òun bá fìdí rẹmi níbẹ̀, òun á lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣòótọ́, ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ìwé tó ń káàkiri ọjà rí mọ bí ọwọ́ ṣe ń dé orí rẹ̀. Ẹnì kan á fọwọ́ sí i nítorí ó gbà á gbọ́, ẹlòmíì á fọwọ́ sí i nítorí ojú ẹni tó gbé e wá. Ṣùgbọ́n àwọn tó yọ ọ́ náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn: òfin ò sọ pé ó di dandan kí ìbò wáyé nínú ilé, ọwọ́ àwọn aṣòfin ló sì wà lórí ìwé náà, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tí a ò mọ̀.

Ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún, ilé ìgbìmọ̀ pàdé ní Ìbàdàn láti dìbò lórí ìjọba Adégbénró. Ìbò tí Akíntọ́lá ń béèrè wá dé. Ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin tó wà lẹ́yìn Akíntọ́lá ni kò jẹ́ kó wáyé. Ọ̀kan nínú wọn fò sórí tábìlì, ariwo sọ, àga bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ọlọ́pàá yin tajútajú, gbogbo wọn sá jáde pẹ̀lú omi lójú. Wọ́n tún padà wọlé lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, nǹkan kan náà ló tún ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ìlú ò fararọ ní Ìwọ̀ Oòrùn, wọ́n sì fi Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí ṣe alábòójútó. Láti ìgbà yẹn títí di ìparí ọdún, kò sí Pírẹ́míà, kò sí ilé aṣòfin. Ẹni méjì ń jà sí àga, ẹni kẹta wá gbé e.

Ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́. Ní oṣù Keje 1962, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ní Akíntọ́lá jàre: ìbò inú ilé ló yẹ kí Gómìnà wò. Ní oṣù Kìíní 1963, ìjọba àpapọ̀ dá a padà sórí àga. Ó ti dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀, òun àti ẹgbẹ́ NCNC ní Ìwọ̀ Oòrùn sì jọ ṣe ìjọba. Ṣùgbọ́n Adégbénró ti gbé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ sí Privy Council ní London, tó jẹ́ òpin ẹjọ́ fún wa nígbà yẹn. Ní oṣù Karùn-ún 1963, àwọn adájọ́ London ní Adégbénró ló jàre: òfin ò sọ ọ̀nà kan pàtó tí Gómìnà gbọ́dọ̀ gbà mọ̀ pé aṣòfin ti kẹ̀yìn sí Pírẹ́míà, nítorí náà kò ṣẹ̀.

Kí ni wọ́n ṣe? Kíá, ilé aṣòfin tí Akíntọ́lá ń darí yí òfin padà pé ìbò inú ilé nìkan ló lè yọ Pírẹ́míà. Wọ́n sì kọ ọ́ pé òfin tuntun náà ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹwàá 1960! Ẹ wò ó bíi kí ìgbìmọ̀ wa ṣòfin lónìí pé èlé orí ẹ̀yáwó ti lọ sókè láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí wọ́n wá ka gbèsè sọ́rùn ẹni tó ti san tirẹ̀ tán. Adégbénró jàre ní London, ọwọ́ rẹ̀ ò ba àga náà. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá 1963 tí Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní ọba òyìnbó lórí mọ́, ẹjọ́ lílọ sí London náà dópin. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ti rán Awólọ́wọ̀ lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá lórí ẹ̀sùn pé ó fẹ́ dojú ìjọba dé.

ÌBÒ TÍ WỌN Ò KÀ

Ní 1964 ayé Akíntọ́lá dé góńgó. Aláàfin Ọ̀yọ́ fi í jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, òun ni ìkẹtàlá. Ọdún yẹn náà ni òun àti àwọn tó tẹ̀ lé e dá ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀, tí ìjọba rẹ̀ sì dá ìwé ìròyìn Daily Sketch sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Oníròyìn kì í gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀: Tribune ń sọ tiẹ̀, Sketch ń fèsì.

Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹwàá 1965 ni ìbò ilé aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù. Àwọn alátakò kan ò rí ìwé ìdíje wọn gbà wọlé, wọ́n ní ẹni Dẹ́mọ̀ ti wọlé láìsí alátakò. Àwọn èèyàn dìbò síbì kan, èsì tí wọ́n gbọ́ yàtọ̀ sí ohun tí ojú wọn rí. Ìjọba kéde pé Dẹ́mọ̀ ló wọlé, Akíntọ́lá sì tún jókòó. Ẹni tó ní ọdún 1962 pé ìwé níta kò tó, àfi kí wọ́n ka ìbò lójú gbogbo ayé, ìjọba tirẹ̀ ni kò jẹ́ kí ìbò aráàlú di kíkà bó ṣe yẹ.

Ìlú gbaná. Àwọn èèyàn ń da epo bẹntiróòlù sára ilé àti ọkọ̀, wọ́n ń ṣáná sí i. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní wẹ́tìẹ̀. Wọ́n sun èèyàn pàápàá. Owó tí ìjọba ń san fún àgbẹ̀ lórí kòkó tún já wálẹ̀ lẹ́yìn ìbò, ìyẹn sì dá kún ìbínú. Ọ̀nà ò ṣeé rìn. Bí ọ̀nà ò bá sì ṣeé rìn, ẹ̀yin ìyá ọjà, ta ni yóò kó ẹrù wọlé? Ẹni tí kò mọ Awólọ́wọ̀, tí kò mọ Akíntọ́lá, òun náà jẹ nínú ìyà ìjà náà.

Ní òru ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kìíní 1966, àwọn ọmọ ogun tó fẹ́ gba ìjọba wọ Ìbàdàn. Wọ́n kọ́kọ́ mú igbákejì rẹ̀, Olóyè Rẹ̀mí Fani-Káyọ̀dé. Òun ò kú. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Akíntọ́lá, Kakaǹfò ò jẹ́ kí wọ́n mú òun lọ́wọ́. Ó yin ìbọn sí wọn, ó bá wọn jà kí wọ́n tó borí rẹ̀. Wọ́n pa á síbẹ̀. Ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni. Òru yẹn kan náà ni wọ́n pa Balewa àti Sardauna Ṣókótó, Ahmadu Bello. Àwọn kan yọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá nígbà tí ìròyìn náà jáde. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹkún ni.

OHUN TÓ KÙ FÚN WA

Lónìí, orúkọ rẹ̀ wà lára yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń pè é ní LAUTECH ni kò mọ ìtàn tó wà nínú lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ yẹn. Ẹ sọ ọ́ fún wọn, ẹ sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ sọ ti olóòtú tó fi èdè wa gbé ìròyìn dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wa. Ẹ sọ ti àbá òmìnira ọdún 1957. Ẹ má sì fi ti 1965 pa mọ́.

Ní tiwa nínú ẹgbẹ́, ohun tí mo rí kọ́ ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé yín. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀nà tí a fi ń yan olórí àti ọ̀nà tí a fi ń yọ ọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé òfin ní kedere kí ìjà tó dé. Òfin 1960 fi àyè kan sílẹ̀ láìdí, àyè yẹn ni ìjà gbà wọlé. A kì í di ihò òrùlé nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀. Èkejì, bí ìwé kan bá dé ìsọ̀ rẹ pé kí o fọwọ́ sí i láti yọ ẹnì kan, gbé e wá sí ìpàdé. Sọ ọ́ lójú ẹni tó kàn, kí n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, ká nawọ́, ká kà á. Èyí tó ṣìkẹta ló wúwo jù: ẹni tó bá ní kí a ka ìbò nígbà tí ó kan òun, kó jẹ́ ká ka ìbò nígbà tó bá kan ẹlòmíì, ìbáà jẹ́ òun ni yóò fìdí rẹmi. Akíntọ́lá mọ àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn, kò lè ṣe èkejì, ó sì ná gbogbo wa ní ohun tó pọ̀.

Owó tí a jọ dá pọ̀ kéré sí ọ̀rẹ́ tí a jọ ń ṣe. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká fi ìjà pín ohun tí a fi ìfẹ́ kó jọ.